Hard Drive fún Tẹlifíṣọ̀n Ilé: Ẹ Bi Ẹ̀rọ Yín Léèrè Kí Ẹ Tó Lọ Sọ́jà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ hard drive tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí mọ́ àpótí Android inú ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: irú èyí tó yẹ kí ẹ rà, àti bí ẹ ó ṣe fọ́máàtì rẹ̀, kí fíìmù, wáàsí àti fídíò ìgbéyàwó tí ẹ ti kó jọ lè máa jáde geerege. N kò ní kọ́ yín bí a ti ń ki wáyà USB bọ ojú ihò rẹ̀. Ẹ mọ ìyẹn.

Ọjà kọ́ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò USB dáadáa, nítorí lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti kọ ìwọ̀n iná tí ihò náà lè gbé jáde síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ẹ lè rí “5V 0.5A” lára ọ̀kan, kí ẹ sì rí “HDD 5V 1A” lára èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ HDD sí ni ti hard drive. Hard drive kékeré, èyí tí à ń pè ní 2.5-inch, inú ihò USB náà ló ti ń gba iná tó fi ń yí, ìgbà tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ni ó máa ń béèrè iná jù. Bí ihò náà kò bá lè fún un tó, ẹ ó gbọ́ tíkì, tíkì, tíkì, iná kékeré ara rẹ̀ yóò máa ṣẹ́jú, tẹlifíṣọ̀n yóò sì sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbà pé hard drive ti bàjẹ́, wọn a gbé e padà fún ẹni tó tà á, wọn a sì bá a jà nítorí ohun tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn.

Èyí tó tóbi, 3.5-inch, iná 12V ni ó ń fẹ́, nítorí náà adápítọ̀ tirẹ̀ máa ń bá a wá. Ó dára, ó sì máa ń gba nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n níhìn-ín ní Ẹ̀pẹ́ tí iná lè lọ nígbàkigbà, adápítọ̀ kan sí i jẹ́ ẹrù kan sí i lórí ínfátà. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ fún pálọ̀. Kékeré ni kí ẹ rà, 1TB tàbí 2TB. Mo dúró lórí 2TB nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò mọ ju ètò ìpín tí à ń pè ní MBR lọ, ètò náà kò sì sábà lè dé ibi tó bá ti kọjá nǹkan bíi 2TB lórí hard drive. Ẹni tó bá ra 4TB fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ná owó sórí àyè tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní fojú kàn láéláé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta SSD, ìyẹn irú tó ń lo ṣíìpù dípò àwo tó ń yí, lówó gọbọi fún yín nítorí pé ó yára. Fíìmù Blu-ray tí kì í ṣe 4K, níbi tó bá ti wúwo jù, kì í kọjá 54 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, USB 2.0, tó ti wà láti ọdún 2000, ní àyè fún 480. Kí ni ẹ fẹ́ fi ìyókù ṣe? SSD dára fún ẹni tó ń gbé e kiri nínú ọkọ̀, nítorí kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀; èyí tí yóò jókòó sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kò nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó lè jáde nílé. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Computer Village ní Ìkẹjà kì í ṣe ìrìn kékeré, nítorí náà ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dání, kí ẹ yẹ ọjà wò kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó tà á. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fi CrystalDiskInfo, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ìlera hard drive, ṣí i, kí ẹ wo ìlà “Reallocated Sectors Count” àti “Current Pending Sector Count”, tí wọ́n ń ka ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́ lára rẹ̀. Bí ohun tó wà ní ìparí ìlà méjèèjì kì í bá ṣe òdo nìkan, ẹ dá a padà, kódà bí ẹni tó ń tà á bá búra. Ẹ wo “Power On Hours” pẹ̀lú: 8,760 ni wákàtí inú ọdún kan gbáko, nítorí náà ẹ lè fúnra yín ṣírò ọdún tí hard drive “tó dà bíi tuntun” náà ti fi ṣiṣẹ́ sìn.

Bí ẹ bá rí 931GB lórí 1TB, ẹ má pariwo olè. Ẹni tó ṣe é ń fi 1,000 ka iye, Windows ń fi 1,024 kà á. Ohun kan náà ni. Ẹni tó ta “16TB” tí kò ju àtàǹpàkò lọ fún yín lówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ pariwo lé lórí, nítorí pé fláàṣì kékeré kan ni wọ́n máa ń fi sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á wá kọ́ ọ ní irọ́ tí yóò máa pa fún kọ̀ǹpútà. H2testw, ètò àyẹ̀wò tí ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà c't ní Jámánì gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́, yóò kọ nǹkan kún un bámúbámú, yóò sì tún un kà padà. Irọ́ kò ní ibi tí yóò sá sí.

Ó yá, ẹ sún mọ́ mi, nítorí ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣìnà rèé.

Fọ́máàtì ni a fi ń yan ètò tí hard drive yóò máa gbà to fáìlì sínú ara rẹ̀. Mẹ́ta ni ẹ ó sábà máa bá pàdé: FAT32, exFAT àti NTFS. FAT32 ti wà láti ọdún 1996, agbára káká ni ẹ fi lè rí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń sáré mú un. Ẹ dúró ná! FAT32 kò lè gba fáìlì kan tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti tó 4GB. Mo tún un sọ: FÁÌLÌ KAN ṢOṢO TÓ BÁ TI TÓ 4GB KÒ LÈ WỌ INÚ FAT32, hard drive náà ì báà ṣófo pátápátá.

Ẹni tó bá mọ ìgèrè tí àwọn apẹja fi ń dẹ ẹja ní ọ̀sà wa, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé e. Ikùn ìgèrè lè gba ẹja tó kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló ń pinnu bí ẹja tí yóò wọlé ṣe gbọ́dọ̀ tóbi mọ. Àwọn ẹja ńláńlá tí ẹ ń rí lórí àtẹ ní Ọjà Olúwo, orí wọn kò lè gba ẹnu ìgèrè kékeré kọjá, bí kò tilẹ̀ sí ẹja kankan nínú rẹ̀ láti àárọ̀. Ó máa ń wù mí láti dúró wo ẹni tó ń hun ìgèrè, nítorí ẹnu yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń pẹ́ sí jù lọ. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ikùn ni 1TB tí ẹ rà. Ẹnu ni FAT32.

Nítorí náà, nígbà tí Windows bá kọ ọ́ sójú yín pé “The file is too large for the destination file system”, kì í ṣe pé àyè ti tán ni ó ń wí. ÀYÈ WÀ! Ìyá kan ní àdúgbò wa jókòó, ó ń pa fíìmù rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá àyè fún fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ 7GB, nígbà tó sì fi máa gbé hard drive náà dé ọ̀dọ̀ mi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ku nǹkan kan lórí rẹ̀, fídíò náà kò sì wọlé síbẹ̀.

Kí ni ká wá lò? NTFS tàbí exFAT, èyí tí ẹ̀rọ yín bá mọ̀ nínú méjèèjì. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ni yóò sọ ọ́. Ẹ wá ojú ewé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ USB. Ẹni tó bá ti sọ ìwé tirẹ̀ nù lè fi nọ́ńbà ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá mọ méjèèjì, NTFS ni kí ẹ mú. NTFS, tó ti wà láti ọdún 1993, máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kí ó tó ṣe é, tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń kó fíìmù sínú rẹ̀, fáìlì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè ṣòfò, ṣùgbọ́n ètò gbogbo ìyókù kì í sábà dàrú. exFAT kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí a ń gbé yìí, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọdún 2006 ni Microsoft gbé exFAT jáde, ọdún 2019 ni wọ́n sì tó ṣí ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti pẹ́ kò fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń lo Mac ni mo ń gbà nímọ̀ràn exFAT, nítorí Mac lè ka NTFS, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i fúnra rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ yín kò bá mọ̀ ju FAT32 lọ, ẹ fi HandBrake dín fáìlì náà kù, tàbí kí ẹ fi MKVToolNix gé e sí méjì. Ẹ ó tún rí i pé ojú fèrèsé fọ́máàtì Windows kì í sábà yọ FAT32 fún ohun tó bá ju 32GB lọ. Rufus máa ṣe ìyẹn fún yín.

Wàyí o, fọ́máàtì gan-an. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà lórí hard drive náà kúrò, nítorí kò ní ku nǹkan kan. Ẹ yọ gbogbo fláàṣì àti hard drive mìíràn kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ó má baà jẹ́ pé ti ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ ilé-ìwé lọ́wọ́ ni ẹ máa nù. Ẹ wo orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, ẹ mú “Format”. Níbi “File system”, ẹ mú NTFS. Níbi “Allocation unit size”, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a. Ẹ má ṣe ọlọ́gbọ́n jù níbẹ̀. Bí hard drive náà bá jẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí “Quick Format” wà ní títẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yọ àmì náà kúrò, nítorí láti ìgbà Windows Vista ni fọ́máàtì kíkún ti ń kọ òdo káàkiri ojú hard drive tó sì ń wá ibi tó ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni yóò gbà, nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ tán.

Àwọn tó ń lo Mac, ẹ̀yin gan-an ni ẹ máa ń fìbínú pè mí! Nínú Disk Utility, ẹ kọ́kọ́ tẹ “View”, lẹ́yìn náà “Show All Devices”, kí ẹ tó mú orúkọ tó wà lókè pátápátá, kì í ṣe èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni “Scheme” tó máa yọ. Ẹ mú “Master Boot Record”, ìyẹn MBR tí mo sọ lókè. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sí “GUID Partition Map”, ìyẹn GPT, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kò ní rí hard drive náà rárá, ẹ ó sì rò pé exFAT ló fà á.

Ohun kan ṣì kù tó ń dun ènìyàn ju gbogbo èyí lọ. Bí ẹ bá so hard drive mọ́ àpótí Android, ó lè bi yín bóyá kí òun lò ó gẹ́gẹ́ bí “removable storage” tàbí “device storage”. Ẹ̀YIN ARÁ MI, Ẹ MÁ TẸ “DEVICE STORAGE”! Láti ìgbà Android 6.0 ní ọdún 2015 ni èyí ti wà: yóò nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, yóò tì í pa mọ́ra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò sì wà nínú àpótí yẹn nìkan. Ọjọ́ tí àpótí bá kú, gbogbo fíìmù yín bá a lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó lè gba ètò sílẹ̀: bí ó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun fọ́máàtì rẹ̀ fún iṣẹ́ ìgbàsílẹ̀, ẹ ra òmíràn fún un.

Ẹ máa kọ orúkọ fáìlì láìfi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà sí i, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan máa ń sọ ẹ àti ọ di àpótí kékeré lójú. Kí ẹ tó fa wáyà yọ lára kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ “Eject”. Lára tẹlifíṣọ̀n, ẹ pa á kí ẹ tó yọ ọ́. Fáìlì tó ju 4GB lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, kì í ṣe orin kékeré kan.

Bí ó bá tún kọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò yìí, mo máa dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ “kò ṣiṣẹ́” nìkan ránṣẹ́ sí mi. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ìwọ̀n hard drive, NTFS ni àbí exFAT, MBR ni àbí GPT, àti ohun tí tẹlifíṣọ̀n kọ sójú gẹ́lẹ́.