Akọ̀ròyìn Tó Kọ Ìròyìn Tán Tí Kò Fi Í Ránṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Nínú ìtàn ọ̀daràn àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọlọ́pàá tó débi òkú, akọ̀ròyìn á ti máa yọjú. Ọ̀kan nínú wọn ni Philip Trent, inú ìwé Trent's Last Case tó jáde lọ́dún 1913. E. C. Bentley ló kọ ọ́. Iṣẹ́ ìròyìn lòun náà ń ṣe jẹun.

Ayàwòrán ni Trent. Àmọ́ bí ọ̀ràn ìpànìyàn bá ta kókó, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù á tẹ̀ ẹ́ láago. Èyí tó pè é sí báyìí kì í ṣe kékeré: wọ́n yìnbọn pa Sigsbee Manderson, bọ̀rọ̀kìnní ará Amẹ́ríkà, nínú ọgbà ilé rẹ̀. Ojú ni ọta ìbọn gbà wọlé.

Ẹ wá wo ohun tí Trent rí. Òkú wọṣọ, ó wọ bàtà, ṣùgbọ́n kò sí eyín àtọwọ́dá lẹ́nu rẹ̀. Inú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni eyín wà. Ta ní ń múra jáde tí í gbàgbé eyín? Trent gbé bàtà Manderson kan yẹ̀ wò, ó rí i pé ojú rírán rẹ̀ ti fẹ́ ya. Ẹlẹ́sẹ̀ ńlá kan ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Murch, ọlọ́pàá Scotland Yard, ń wá apànìyàn kan náà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ń bá ara wọn du ú bí ọ̀ta ayò. Murch lágbára láti mú èèyàn. Ìbéèrè àti gègé nìkan ni Trent ní, ìyẹn ló jẹ́ kí tirẹ̀ dùn mọ́ mi jù.

Ó wá kọ gbogbo àṣírí náà tán, ìròyìn tí ì bá ta bí àkàrà. Kò fi í ránṣẹ́! Ìfẹ́ opó Manderson ti kó sí i lórí. Ó kó ìwé náà sínú àpòòwé, ó fi lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó ní kó ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀. Lòun bá gba òkè òkun lọ. Ọ̀gá ìròyìn wo ló máa gba irú èyí?

Pabanbarì rẹ̀ ni pé àlàyé inú àpòòwé yẹn ò tilẹ̀ tọ̀nà. Ẹni tó yìnbọn gan-an, n ò ní bá yín sọ ọ́.

Herbert Wilcox sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1952. Michael Wilding ni Trent, Margaret Lockwood ni opó. Orson Welles ni Manderson. Ẹ ní sùúrù kí ẹ tó rí i, òkú kì í tètè sọ̀rọ̀.