Àwọ̀ Tó Yẹ Ọmọ Ogun Bọ́mà

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àtimáa kun ère ológun. Ọmọ ogun Bọ́mà ló wà lórí tábìlì mi lónìí, ère òjé tí gíga rẹ̀ kò ju mìlímítà 28 lọ. Ọ̀kan ni lára àwọn tó wà nínú Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bá àwọn ará Japan jà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà (Myanmar òde òní) ní 1944. Orí ni àwọn aláàárù wọn fi ń ru ọta ìbọn àti oúnjẹ gba inú igbó yẹn kọjá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, kákí ni wọ́n máa ń sáré mú. Kákí ni wọ́n ń wọ̀ nílé lóòótọ́, àmọ́ ní Bọ́mà, aṣọ aláwọ̀ ewé ni, torí kákí á hàn ketekete láàárín igbó. Aṣọ náà kì í pẹ́ ṣá: oòrùn ń pa á, òógùn ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ má lo ọ̀dà ewé bó ṣe wà nínú ìgò. Ẹ wò ó, ẹ̀kán ewé méjì, ẹ̀kán kákí kan. Ní èjìká àti orúnkún, mo tún fi kákí díẹ̀ kún un. Nǹkan kékeré a sì máa dúdú lójú ju ńlá lọ. Bí ẹ bá mú àwọ̀ aṣọ gan-an, ère náà á ṣókùnkùn.

Ó wá kan ara, ibi tó ká mi lára jù. Wọ́n á da ọ̀dà dúdú lé e, ojú á pòórá. Ṣebí a ní ọ̀rọ̀ fún un: adúmáadán. Dídán yẹn ni wọ́n ń gbàgbé. Búráùn tó dúdú bíi kọfí tí kò ní mílíìkì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo ń po pupa díẹ̀ mọ́ ọn, bí osùn, mo sì ń fi kan igi imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oríkèé ọwọ́. Ẹni pupa náà wà láàárín wọn, ẹ yí àpòpọ̀ yín padà fún un.

Ó ku àmì Dífíṣọ̀n náà tó wà lápá aṣọ: aláǹtakùn dúdú lórí yẹ́lò, Ananse inú àlọ́ àwọn Akan ní Gánà. Orí rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀, kí ó lè máa lọ síwájú nígbà tí ṣọ́jà bá gbé ìbọn sójú. Yẹ́lò kì í mú dáadáa lórí ewé, ẹ kọ́kọ́ fi funfun tẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ kò lè gba ibẹ̀. Mẹ́rin ti tó. Ẹ sì jẹ́ kí yẹ́lò gbẹ kanrin kí búrọ́ọ̀ṣì dúdú tó kàn án.