Torí Aláǹtakùn Ni Bàbá Ẹ Ṣe Ta Ilẹ̀?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti Disẹ́ńbà.

Mo wálé s'Abẹ́òkúta, mo lọ wá kòkòrò, iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn, nígbó ọba Arákangà. Ọ̀nà ibẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ọ̀kadà ni. Owó ọ̀kadà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi yẹn sílẹ̀!

Àárín igi méjì ni aláǹtakùn kan ta àwọ̀n ẹ̀ sí. Òwú ẹ̀ pupa rúsúrúsú nínú oòrùn, àfi bíi pé wọ́n fi epo ra á. Aláǹtakùn náà dorí kodò láàárín, ara ẹ̀ gùn tó oríkèé ìka mi. Nǹkan tíńtín kan rọ̀ sókè ẹ̀. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé mi ní, "Àǹtí, ọmọ ẹ̀ nìyẹn." Mo ní, "Ọkọ ẹ̀ ni o!" Há! Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan fi ń kọjá. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àwọn ni mo kúnlẹ̀ kí. Wọ́n wá rí aláǹtakùn.

"Torí aláǹtakùn ni bàbá ẹ ṣe ta ilẹ̀ ẹ̀bá Odò Ògùn?"

Wọn ò jágbe o. Wọn ò tiẹ̀ bínú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ níbẹ̀ yẹn pé bàbá yẹn ò purọ́, pé kí lèèyàn fẹ́ fi kòkòrò ṣe. Ẹ dúró ná! Sányán tẹ́ ẹ fi ṣègbéyàwó, níbo lòwú ẹ̀ ti wá? Ọmọ àfòpiná ló kóra jọ sórí igi, ló hun ilé alájọgbé, la bá lọ já a, a sè é, a ran án. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i, ṣé kò tẹjú mọ́ kòkòrò ni? Èsunsun tá a fi fìtílà àti basíà omi kó lálẹ́ òjò, ta ló kọ́ wa? Ẹ tún ní aláǹtakùn ń buni jẹ. Ẹni tó bá fọwọ́ há a mọ́lẹ̀ ni!

Mi ò sọ ìkankan níbẹ̀. "Ẹ má bínú, sà" ni mo sọ. Torí pé... ṣẹ́ ẹ rí i, owó àjọ ni bàbá mi sọ fún mi pé àwọn fi rán mi lọ kàwé lókè òkun. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ta ilẹ̀ kankan. Ẹnu bàbá yẹn ni mo ti gbọ́ ọ, lórí ìkúnlẹ̀.

Lálẹ́, mo fi fọ́tò han bàbá mi. Wọ́n fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. "Ọkọ ẹ̀ ló wà lókè yẹn," wọ́n ní. "Irú ẹ̀ pọ̀ lóko wa létí odò nígbà náà."