Kí ló ń mú kí wíńdò áàpù kọ̀ǹpútà gan? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yábàá

Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Jẹnẹrétọ̀ ti dáhùn, ẹ jẹ́ ká yára.

Ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù ni: “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí áàpù mi ń gan bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì?” Ẹ wo kọ́ńdọ́ dánfó. Òun ló ń gbowó, òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń ké “Ojúẹlẹ́gba!” Bí òun àti èrò kan bá wọ̀yá ìjà lórí ṣéńjì, ẹ pariwo “Ó wà o!” títí, ẹ ti kọjá ibi tí ẹ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni thread, òṣìṣẹ́ inú áàpù tó ń ṣe iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń mójú tó wíńdò. Ẹyọ kan ni, ẹ báà lo Swing, Qt tàbí Windows Forms, àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń kọ wíńdò. Ẹ ní kó ka fáìlì ńlá, kò ráyè gbọ́ máòsì mọ́. Bí kò bá dáhùn fún ìṣẹ́jú àáyá 5, Windows á kọ “Not Responding” sí i lórí.

Mo ta irú áàpù bẹ́ẹ̀ fún ìyá oníkẹ́míìsì kan ní Èbúté-Mẹ́ta. Wọ́n tẹ bọ́tìnì rìsíìtì, ó gan díẹ̀. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó jí, rìsíìtì 6 ló tú jáde! Kọ́sítọ́mà ní oògùn ẹyọ kan lòun rà o.

Ẹ gbé iṣẹ́ wúwo fún thread mìíràn. Java ti ní SwingWorker fún èyí láti 2006. Ṣùgbọ́n kí thread náà má fọwọ́ kan wíńdò. Kó ránṣẹ́ sí thread wíńdò: invokeLater ní Swing, Invoke ní Windows Forms, signal ní Qt. Ẹ sì pa bọ́tìnì náà títí iṣẹ́ á fi parí.

Àwọn tó ní wẹ́ẹ̀bù ti pa áàpù orí tábìlì, mo kí wọn o. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, kí wọ́n wá tajà ká wò ó. Electron tí wọ́n sì ń sá bọ̀, irinṣẹ́ tó ń sọ wẹ́ẹ̀bù di áàpù orí tábìlì, odidi bùráwúsà Chromium ló ń gbé kiri, bí ẹni gbé kíṣìnì lọ din ẹyin kan.

Mo fẹ́ bọ́ sórí SQLite, ibi tí áàpù ń kó dátà pamọ́ sí, nígbà tí arábìnrin kan nawọ́: “Sà, mo wá Adébáyọ̀ nínú áàpù mi, kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀, mò ń wò ó!”

Háà! Ọ̀rọ̀ wa gan-an nìyí. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, fún “ọ” ní nọ́ńbà kan, U+1ECD. “Ọ̀” kékeré kò ní tirẹ̀. Àmì ohùn, U+0300, ló ń tẹ̀ lé e. Ẹlòmíì á kọ́kọ́ tẹ “ò”, U+00F2, kó tó fi àmì abẹ́, U+0323, sí i. Lójú wa, ọ̀kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò mọra rí. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú ìkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan, kí ẹ tó fi pamọ́, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohun tí oníbàárà bá tẹ̀ láti wá. Ẹni tó tẹ “Adebayo” lásán ńkọ́? Ẹ ní òpó kejì nínú tábìlì dátà, tí kò lámì, fún wíwá nìkan. Orúkọ gangan, ẹ má bọ́ aṣọ lára rẹ̀.

Wọ́n ti ń na aago sí mi. Dátà: ní Windows, ẹ fi sí fódà AppData, kì í ṣe Program Files. “Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mi”: ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ tí ẹ kò fi kọ áàpù rí. SQLite: ẹ tan WAL, ètò tó ń kọ́kọ́ kọ àyípadà sínú fáìlì ọ̀tọ̀, ó ti wà láti 2010.

Arábìnrin yẹn ti ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kí n tó kúrò níwájú. Adébáyọ̀ 3 ló bá níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù kan náà. Akọ̀wé rẹ̀ ń wá a, kò rí i, ó sì ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀tun.