Láti Ẹ̀pẹ́ dé Agídíńgbì

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Yàrá mi ní Peckham, ní London, ni mo wà, ilẹ̀ ti ṣú gan-an, ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Mò ń lọ sílé lóṣù kẹwàá o, nítorí Felabration, ayẹyẹ ọdọọdún tí wọ́n fi ń rántí Fẹlá Kútì, olórin Afrobeat.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, kí ló dé tí kì í ṣe Dìsẹ́ńbà tí gbogbo ayé ń lọ? Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni wọ́n bí Fẹlá, ní 1938, ọ̀sẹ̀ ọjọ́ ìbí yẹn sì ni Yẹni ọmọ rẹ̀ fi ayẹyẹ náà sí láti 1998, ọdún kejì ikú bàbá wọn. Bí ẹ bá fẹ́ Fẹlá, oṣù kẹwàá lẹ máa lọ.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo gbé títí mo fi pé ọmọ ọdún 24. Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà ni Ẹ̀pẹ́ àti Ìkẹjà wà, síbẹ̀ mi ò fẹsẹ̀ tẹ Shrine rí, ilé orin tí wọ́n ti ń ṣe Felabration ní Agídíńgbì, ní Ìkẹjà. Nílé wa, ẹni tó bá ń lọ sí Ìkẹjà, a máa ní "ó ń lọ Èkó" ni, a ó sì gbàdúrà fún un kó tó wọkọ̀. Níbí, tí Notting Hill Carnival, ayẹyẹ ijó ojú títì ní London, bá dé, bọ́ọ̀sì kan àti ẹsẹ̀ díẹ̀, mo ti débẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo rí ìyá àgbà kan níwájú ilé rẹ̀, àga ni wọ́n gbé fún un, àwọn ọmọ rẹ̀ ń jó yí i ká. Ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní mi ò ní dá lọ sí ti Èkó láéláé.

Mo ti ń ṣètò báyìí. Èèyàn mẹ́jọ ni wá, a máa háyà ọkọ̀. Àbúrò mi ní ká gba Ajah, èmi ní ká gba Itóìkín já sí Ìkòròdú, ká wá bọ́ sí Máìlì 12, Kẹ́tu, Ọjọ́tà. Ẹni tó bá mọ Máìlì 12 mọ̀ pé tí ọkọ̀ tòmátò bá fi lè dí ọ̀nà, ó parí nìyẹn, nítorí náà àárọ̀ kùtù la máa gbéra. Ìpadàbọ̀ ló le. Òru lorin máa ń gbóná ní Shrine, mi ò sì ní gbé ìyá mi gba ọ̀nà Itóìkín lóru, nínú òjò oṣù kẹwàá. Ọ̀gbà la máa sùn, lọ́dọ̀ àǹtí wa, kò jìnnà sí Agídíńgbì. Owó tí ǹ bá fi gba òtẹ́ẹ̀lì ní Victoria Island, òun ni mo fi san owó ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe ìyá mi lórí fídíò. Ó gbé fóònù ti agolo mílíìkì, ó ń ha ẹja, ìpẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Ó gbọ́ mi tán. "Àjàní, níbo ni màá ti kírun? Ṣé àga á wà? Èéfín igbó yẹn ńkọ́?" Mo ní a máa kí Ìṣáì ní Ọ̀gbà ká tó jáde, àti pé ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ la máa jókòó sí.

Ló bá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní ní 1976, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lóun ń gbé ní Ìdí-Òrò, ní Múṣin, òun ń bá a ta ẹja. Ibẹ̀ ni Shrine Fẹlá wà nígbà náà. Tí fèrè bá ti dún lóru, òun á dìde jókòó lórí ẹní, òun á máa gbọ́. Ẹ̀gbọ́n òun ò gbà kóun yọjú. Nígbà tí àwọn sójà jó ilé Fẹlá lóṣù kejì 1977, wọ́n dá òun padà sí Ẹ̀pẹ́.

Ọmọ ọdún 37 ni mí, mi ò gbọ́ èyí lẹ́nu ìyá mi rí.

Ó bi mí pé, "Àwọn ọmọ Fẹlá ńkọ́, ṣé wọ́n ń fọn fèrè yẹn?" Mo ní Fẹ́mi ń fọn ún, Ṣeun náà ń fọn ún. Kò sọ nǹkan kan mọ́, ó mú ọ̀bẹ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní kí n má wulẹ̀ wá àga kiri mọ́. Kí n bá òun ra bàtà tó tutù lẹ́sẹ̀, tí kò ga, nọ́ńbà 39, nítorí iwájú lòun fẹ́ dúró sí.

Mo ti rà á. Ó wà lórí tábìlì níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀.