Rin Ín, Fún Un, Yan Án: Kẹ́mísìrì Inú Gààrí Ìjẹ̀bú

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará ìlú sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ nínú ohun tí àwọn olùgbọ́ sọ kún un.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀, ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ gba abọ́ méjì yìí, kí ó máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Gààrí ló wà nínú méjèèjì. Ẹ má tọ́ ọ wò o. Ẹ fi imú àti ìka mọ̀ ọ́n.

Mo dúró títí abọ́ fi dé ìlà ẹ̀yìn. Funfun ni méjèèjì, wọ́n sì kúná, ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí abọ́ kejì dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ti ń yan gààrí láti ìgbà ọmọge, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò rà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Tíṣà, èyí kò tíì jinná. Omi ṣì wà nínú ẹ̀. Wọ́n sáré gbé e kúrò lórí iná ni." Ohun tí àtàǹpàkò ìyá yẹn mọ̀ ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àwa tí a ń kọ́ kẹ́mísìrì máa ń ya àwọn ohun kan sọ́tọ̀: àwọn tí kábọ́nù jẹ́ egungun wọn. Epo pupa, súgà, ọtí, ọṣẹ, rọ́bà, ẹ̀jẹ̀, ewé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Kábọ́nù yìí náà ló wà nínú èédú tí ẹ fi ń dáná. Ọwọ́ mẹ́rin ló ní, ó sì lè fi di ara rẹ̀ mú bí àwọn ọmọdé ṣe ń so ọwọ́ pọ̀ níbi eré òṣùpá: ìlà wọn lè gùn, ó lè ya ẹ̀ka, ó lè ká di òrùka. Láyé àtijọ́, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé inú ohun abẹ̀mí nìkan ni irú nǹkan báwọ̀nyí ti lè jáde. Ní 1828, Friedrich Wöhler, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, lo èròjà tí kò ti ara ẹranko kankan wá, ó sì rí urea, èròjà inú ìtọ̀, nínú ìgò rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń hàn sí wa pé òfin kan náà ló ń darí ìgò yàrá ìwádìí àti agbada ìyá mi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ẹ̀gẹ́, tí àwọn kan ń pè ní pákí, tí àwọn kan ń pè ní gbágùúdá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, àwọn Potogí ló gbé e wá sí Áfíríkà. Ẹ̀gẹ́ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá fún òkété, kò ní ẹ̀gún. Inú ara rẹ̀ ló tọ́jú ohun ìjà rẹ̀ sí. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ linamarin: súgà ni, tí a so sáyánáìdì mọ́ nídìí. Sáyánáìdì yìí, tí ó bá wọ ara, kì í jẹ́ kí ara lè lo afẹ́fẹ́ tí a mí sínú. Ní yàrá mìíràn nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ linamarase. Ẹ́ńsáìmù ni àwọn purotéènì tó ń ṣe lébìrà nínú ohun abẹ̀mí. Irú wọn wà nínú itọ́ wa: bí ẹ bá jẹ búrẹ́dì pẹ́ lẹ́nu, ẹ ó rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Iṣẹ́ ti linamarase ni láti já ìdè tó so súgà mọ́ májèlé. Níwọ̀n ìgbà tí ara ẹ̀gẹ́ bá ṣì pé, àwọn méjèèjì kì í pàdé. Ó dà bí ẹni tó gbé epo bẹntiróò sí yàrá kan, tó gbé ìṣáná sí yàrá kejì. Òkété bá gé e jẹ, ògiri wó, sáyánáìdì tú jáde sí i lẹ́nu.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ìyá wa ṣe. Wọn kò dúró de ẹni tí yóò wó ògiri. Àwọn fúnra wọn ló wó o. Bí a bá ti rin ẹ̀gẹ́, gbogbo yàrá inú rẹ̀ là ń fọ́ pọ̀, kí májèlé lè jáde síta lójú wa, kí ó má bàa jáde nínú ikùn. Láàrin wákàtí mélòó kan tí a bá rin ín, èyí tó pọ̀ jù nínú linamarin ti túká.

Mo rí i bí àwọn ìyá kan ṣe wo ara wọn nígbà tí mo sọ èyí. Ohun tí gbogbo wa gbà ni pé ọjọ́ kíkan ló ń pa májèlé ẹ̀gẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n rírin ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí n kò fi fojú kékeré wo ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ ti kú, tó ń tu kókó sínú àpò. Nínú kókó kọ̀ọ̀kan, ògiri ṣì wà tí kò wó. Ìdí kan náà ni odindi ẹ̀gẹ́ kíkorò tí a kàn gbé sínú omi gbígbóná fi léwu ju gààrí lọ: ooru pa ẹ́ńsáìmù kí ó tó rí iṣẹ́ ṣe, linamarin sì jókòó síbẹ̀, nítorí iná nìkan kì í tètè fọ́ ọ.

Lẹ́yìn rírin ni fífún. Sáyánáìdì àti linamarin tó kù a máa yòrò nínú omi, jáàkì tàbí òkúta tí a gbé lé àpò a sì máa fún wọn jáde. Omi yẹn kì í ṣe omi tí à ń dà síbi tí ẹran ń jẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ewúrẹ́ ìyá mi kan, aboyún, mu omi ẹ̀gẹ́ nínú kòtò lẹ́yìn ilé ìdáná wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń mí gule gule, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti kú. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ìyá mi kò bá obìnrin ilé kejì sọ̀rọ̀ fún odindi ọdún kan nítorí ewúrẹ́ yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo wà kí n tó mọ ohun tó pa á, ó sì dùn mí pé obìnrin náà ti kú nígbà náà.

Kíkan ńkọ́? Mo bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni ti Ìjẹ̀bú gidi. Ẹnìkan ní mẹ́ta, ẹlòmíràn ní mẹ́rin, ẹnìkan fi ohùn líle sọ pé ti òun kì í dín ní márùn-ún. Àwọn bakitéríà kéékèèké ló ń jẹ súgà inú ẹ̀gẹ́ tí a rin, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì kan náà tó ń mú wàrà kan. Òun ló fún gààrí Ìjẹ̀bú ní adùn tí a mọ̀ ọ́n sí, tí ẹni tó bá ti fi omi tútù mu ún lọ́sàn-án kò fi lè fẹ́ràn òmíràn mọ́. Kíkan náà ló ń lé àwọn kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kíkan kò lè ṣe. Nígbà tí linamarase bá já súgà kúrò, èròjà kan ṣì kù tó di sáyánáìdì mọ́ra, tí wọ́n ń pè ní cyanohydrin. Nínú ohun tí kò kan, kíá ló ń túká. Nínú ohun tó kan, ó ń di ara rẹ̀ mú. Nítorí náà, gààrí tó kan dáadáa gan-an ló nílò iná tó jinlẹ̀.

Ibi tí àtàǹpàkò ìyá yẹn ti wọlé nìyí. Sáyánáìdì tó ti dá dúró kò ṣòro láti lé lọ: ní ìwọ̀n ooru 26°C ló ti ń hó, ọ̀sán Ìjẹ̀bú-Òde lásán tó o. Èyí tó fara pamọ́ sínú kíkan ló ń fẹ́ agbada gbígbóná àti igbá tí kò sinmi. Bí omi ṣe ń lọ ni òun náà ń bá a lọ. Gààrí tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Codex, àwọn tó ń fi òdiwọ̀n oúnjẹ lélẹ̀ fún àgbáyé, ní kí sáyánáìdì inú gààrí má ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Ẹ má sì yan án nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, nítorí ẹni tó ń yan án ló ń fa ohun tó ń jáde símú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí Òsósà, ìlú Hubert Ògúńdé, tí kò jìnnà síbi tí a wà yìí. Láàrin ọdún 1960 sí 1969, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun, dókítà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ṣe àkọsílẹ̀ àìsàn kan tó pọ̀ láàrin àwa Ìjẹ̀bú. Àtẹ́lẹsẹ̀ a máa kú tipiri, ìrìn a di ta-gọ́n-ta-gọ́n, ojú a máa ṣú, etí a máa di. Òsósà wà lára ibi tí wọ́n ti rí i jù. Nígbà tí àwọn oníwádìí padà síbẹ̀, tí wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 2000, àìsàn náà ṣì wà: nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100, ó sì mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ọ̀ṣuntókun tọ́ka sí ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìsí ẹja, láìsí ẹran. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń jiyàn pé ó lè má jẹ́ sáyánáìdì nìkan. Ìjiyàn tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìjiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mòsáńbíìkì ní 1981: ọ̀dá dá, ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ló kù lóko, ebi kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró de ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi sá a. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn rọ, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù.

Ara wa ní ọ̀nà tó ń gbà sọ sáyánáìdì díẹ̀ di ohun tí a lè tọ̀ dànù. Sọ́fọ̀, èyí tí à ń pè ní imí ọjọ́, ló fi ń ṣe é, inú purotéènì ẹja, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà ló sì ti ń rí sọ́fọ̀ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹja díndín mu gààrí, kì í ṣe fàájì nìkan ni ẹ ń ṣe. Ọmọ iléèwé tó ń fi omi àti súgà mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkàn mi ń bá lọ.

Iná tó ran gààrí lọ́wọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ gbogbo nǹkan o. Tu Youyou, obìnrin ilẹ̀ Ṣáínà, ń wá oògùn ibà nínú ewé kan tí àwọn baba ńlá wọn ń lò. Nígbà tí wọ́n bá se é, iṣẹ́ rẹ̀ a mẹ́hẹ. Ó padà sínú ìwé ìṣègùn àtijọ́, ó rí i pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kí a rẹ ewé sómi kí a sì fún un. Kò sí ọ̀rọ̀ sísè níbẹ̀. Ó lo ọ̀nà tí kò gbóná, ó sì rí artemisinin ní 1972. Ní 2015 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ọmọ inú oògùn yẹn ni ọ̀pọ̀ yín ń rà ní kẹ́mísìtì nígbà tí ibà bá dé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó ní àgbo yìí sísè ni, èyí rírẹ ni, ẹ má pè é ní àṣà lásán. Ẹ bi í ní ìdí.

Ti ògógóró, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Ọtí tí à ń mu ní kábọ́nù méjì. Èyí tó ní ẹyọ kan, methanol, jọ ọ́ lójú àti nímú, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ a máa sọ ọ́ di ásíìdì tó ń fọ́ ojú. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Òǹdó, àwọn ènìyàn mu ún mọ́ ògógóró, ojú wọn fọ́, púpọ̀ nínú wọn kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Mo rántí ewúrẹ́ ìyá mi.

Àwọn ará Rẹ́mọ tó wà lẹ́yìn ní mi ò gbọdọ̀ kúrò láìsọ ti obì. Gbànja tí ẹ ń tà ní Ṣágámù, kaféènì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti kọfí. Nínú ọpọlọ, àga kan wà tí ońṣẹ́ àárẹ̀ máa ń jókòó lé kí oorun tó kùn wá. Kaféènì ló ń lọ jókòó síbẹ̀. Àárẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lọ. Awakọ̀ tó ń jẹ gbànja láti ilẹ̀ Hausa dé Ṣágámù, àárẹ̀ rẹ̀ pé ṣánṣán, kò kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ ni.

Nígbà ìbéèrè, ọmọbìnrin oníléèwé kan ní báwo ni òun ṣe máa mọ̀ ní ọjà, níwọ̀n ìgbà tí ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Kí n tó lanu, ìyá tó ń yan gààrí yẹn ti dìde. Ó ní kí ó bu ú sọ́wọ́, kí ó dì í mú pinpin, kí ó ṣí i. Bó bá tú yangí bí iyanrìn gbígbẹ, ó jinná. Bó bá dúró ní ìdì, kí ó dá a padà sínú àpò oníǹkan. Mo ní n kò ní ohun tí n ó fi kún un.

Nígbà tí a parí, ó gba abọ́ kejì lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ó dá a padà sí agbada kí ilẹ̀ tó ṣú.