Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ríru Lọ́fẹ̀ẹ́ ní Iwájú Ṣọ́ọ̀ṣì: Bí A Ṣe Ń Ṣe É ní Iléṣà Tí Ó Fi Ń Wúlò

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ wo apá tó wà lójú fídíò yìí dáadáa. Ìyá oníbùbá léèsì kan ni. Wọ́n ká ọwọ́ bùbá náà sókè títí tó fi fún òkè apá wọn bí okùn, wọ́n wá so aṣọ ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá sí ìsàlẹ̀ ibi tó fún. Ẹsẹ̀ ìyá ò kan ilẹ̀. Wọ́n ń kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èémí wọn ò tíì balẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gun òkè dé. Ẹ̀rọ gbé 158 lórí 94 jáde, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ìyá ń ru, ìyá sì gbé ìbẹ̀rù lọ sílé. Ó lè jẹ́ pé ó ń ru lóòótọ́. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi nọ́ḿbà yẹn sọ ọ́.

Ìjọ tó fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún àdúgbò rẹ̀ là ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Iṣẹ́ rere ni, owó rẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti ìpàgọ́ ìsọjí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe é bí ẹní ń ṣe ayẹyẹ, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, bánà ńlá àti fọ́tò oríṣiríṣi, ohun tó máa kù nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì ò ju ìwé nọ́ḿbà tí ẹnikẹ́ni ò ní kà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Sátidé ni ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń mú, Sátidé ò sì dáa. Ọjọ́ òkú àti ìgbéyàwó ni. Àwọn tí ẹ ń wá ti wọ aṣọ ẹbí lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí ẹ bá rí nǹkan lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní rí dókítà bá títí di Mọ́ńdè, àyàfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ló tiẹ̀ burú jù: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ogún ìṣẹ́jú jó ijó ìyìn, ìfúnpá rẹ̀ ò lè ṣàìlọ sókè. Ẹ mú Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè, láti aago méje ààbọ̀ sí mọ́kànlá ààbọ̀ àárọ̀, kí oòrùn tó mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín, ìbáà jẹ́ Ìlà-Oòrùn Iléṣà tàbí Ìwọ̀-Oòrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí àwọn ìjọ kì í sábà bi í: èèyàn mélòó lẹ lè gbà lọ́sẹ̀ kan? Nínú àgbàlagbà mẹ́wàá ní Nàìjíríà, nǹkan bíi mẹ́ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ bá yẹ 120 èèyàn wò, ẹ máa rán bíi 36 lọ síbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ní èèyàn mẹ́wàá ni agbára òun mọ lọ́sẹ̀, ìyẹn yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Torí náà, ọjọ́ tí oníkálukú máa lọ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí ẹ bá fún un. Bí gbogbo wọn bá ya lọ ní Mọ́ńdè kan náà, wọn á tò dé ẹnu géètì, ìdajì á bínú padà sílé, ẹ ò sì ní rí wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun èlò fún 120 èèyàn yẹn. Ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá mẹ́ta, oríṣi tí wọ́n ń dì mọ́ òkè apá. Ẹ má ra ti ọrùn ọwọ́, ó máa ń ṣìnà. Ẹ̀rọ kan lè wọn èèyàn méjìlá ní wákàtí kan bí ẹ ò bá kánjú, nítorí náà mẹ́ta á wọn 144 ní wákàtí mẹ́rin. Ẹ má gbàgbé bátìrì: púpọ̀ nínú wọn ń lo mẹ́rin mẹ́rin, bátìrì tó bá sì ti ń kú lọ máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọṣẹ́ láàárín ìwọ̀n. Ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà méjì. Strip rẹ̀, ìyẹn pélébé tí a ń kan ẹ̀jẹ̀ sí, tó 150, abẹ́rẹ́ kékeré tí a fi ń gún ìka 150, nítorí pé strip kan á bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ò ní tó. Òwú, ọṣẹ, korobá omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ, ìbọ̀wọ́, àpótí abẹ́rẹ́, tépù télọ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀ ni, tépù télọ̀. À ń bọ̀ níbẹ̀.

Ta ló máa wọ̀n ọ́n? Ìjọ tó bá tóbi díẹ̀ ní Iléṣà kì í ṣàìní nọ́ọ̀sì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni ilé ìwòsàn Wesley Guild tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ti wà nílùú, ó sì ti di apá kan ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ni kí ẹ fi sídìí ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lè kọ orúkọ, kí wọ́n to àga, kí wọ́n pín nọ́ḿbà. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ìlera ò gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni níka, kódà bó jẹ́ alàgbà.

Ó kan ìwọ̀n gan-an. Ẹ to bẹ́ǹṣì kan síwájú tábìlì, kí ẹ pè é ní bẹ́ǹṣì ìsinmi. Ẹni tó bá dé á lọ tọ̀ kọ́kọ́, torí ìtọ̀ tó kún àpò ìtọ̀ lè fi nǹkan bíi 10 kún nọ́ḿbà òkè, ìyẹn èyí tó ṣáájú, bíi 158 nínú 158 lórí 94. Ẹ bi í bóyá ó jẹ obì, mu kọfí tàbí fa sìgá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kọjá. Ìbéèrè obì yẹn ṣe pàtàkì níbí. Àwọn bàbá wa lè ti jẹ awẹ́ méjì kí wọ́n tó jáde nílé. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sinmi sí i. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí bẹ́ǹṣì láì sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ yìí ló máa ń nira jù. Ẹ fi ìyá ìjọ kan tó lẹ́nu ọ̀wọ̀ síbẹ̀, ẹni tó lè sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ díẹ̀, a ó kí ara wa tán," tí ẹnikẹ́ni ò sì ní bínú.

Lórí àga, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fara ti nǹkan, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ní ilẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ gun ara wọn. Apá á wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn. Bí tábìlì bá rẹlẹ̀ jù, ẹ to ìwé orin lé e. Bí apá bá rọ̀ sísàlẹ̀, nọ́ḿbà á lọ sókè. Ẹ yọ apá kúrò nínú bùbá tàbí agbádá, ẹ má ká a. Fún àwọn ìyá, ẹ ta aṣọ sí igun kan, kí wọ́n lè yọ ọ́ láì tijú. Etí ìsàlẹ̀ aṣọ ẹ̀rọ máa fi ìka méjì ga ju ìgúnpá lọ.

Tépù télọ̀ rèé. Ẹ fi wọn àárín òkè apá yípo kí ẹ tó di ohunkóhun mọ́ ọn. Aṣọ tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá wà fún apá tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Apá tó bá jẹ́ 35, ẹ gbọ́dọ̀ lo èyí tó tóbi. Bí ẹ bá fi kékeré dì í, ẹ̀rọ á gbé nọ́ḿbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ jáde, ẹ ó sì sọ ẹni tí ara rẹ̀ yá di aláìsàn nítorí pé ó sanra. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ mẹ́ta, ẹ ra aṣọ ńlá kan, ó kéré tán.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má sọ 137 di 140 torí pé ó rọrùn láti rántí. 140 lórí 90 ni ààlà, tí òkè tàbí ìsàlẹ̀ bá ti débẹ̀ nígbà méjèèjì, ẹni náà ń lọ sí ilé ìlera fún ìwọ̀n mìíràn ní ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ò tó láti sọ pé èèyàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá tó 180 lórí 120, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà. Bí ó bá tún ń ké àyà dídùn, tí èémí ń há a, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan rọ, ọkọ̀ ìjọ ti gbọ́dọ̀ wà nítòsí pẹ̀lú awakọ̀ àti epo, kí ó gbé e lọ sí pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un ní oògùn ìfúnpá ẹlòmíì.

Ti ṣúgà ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó sì gbẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, ṣúgà ọsàn lẹ máa wọ̀n. Bí ẹ bá lo spirit, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kì í ṣe àárín, abẹ́rẹ́ kan fún ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ dé ike strip padà lójú ẹsẹ̀, ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Ẹni tí kò jẹun fún wákàtí mẹ́jọ, bó bá tó 126 mg/dl, ó ń lọ sí ilé ìlera. Ẹni tó ti jẹun, bó bá tó 200. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ máa ń gbà ka ṣúgà: tí ọ̀kan bá ń kọ mg/dl tí èkejì ń kọ mmol/L, èkejì á pe 126 ní 7.0. Ẹ yan ọ̀kan, tàbí kí ẹ kọ mg/dl tàbí mmol/L sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà. Bó bá wà lábẹ́ 70 mg/dl, ẹ fún un ní omi ṣúgà. Ìjọ tó ń gbààwẹ̀ máa rí èyí.

Nọ́ḿbà kì í ṣe ìkéde. Ẹ má pariwo rẹ̀, ẹ má sì gbé e lọ sórí pẹpẹ gẹ́gẹ́ bí kókó àdúrà. Ẹlòmíì máa ké pé, "Kò ní jẹ́ tèmi!" Ẹ ṣe àmín, kí ẹ fún un ní ìwé rẹ̀. Iléṣà ni ìsọjí Òkè-Ooye ti 1930 ti wáyé, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, Iléṣà náà ni Wesley Guild wà. Ìlú yìí mọ àdúrà, ó mọ ilé ìwòsàn, kò sídìí tí ẹ fi máa ní kí ẹnikẹ́ni yan ọ̀kan níwájú tábìlì yín. Ẹ ta kànópì síta ọgbà, kí Mùsùlùmí àti onísẹ̀ṣe lè wọlé láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe sọ ìwàásù di owó ìwọlé.

Ìwé tí oníkálukú mú lọ sílé ni mo ka iṣẹ́ yìí sí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà síbí, ni Dókítà David Morley ti Wesley Guild ti ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní àwọn ọdún 1950. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tó lò níbẹ̀, ọwọ́ ìyá ló fi í sí, kò tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ló sì padà tàn ká ayé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Páálí kékeré, orúkọ, ọjọ́, ìwọ̀n méjèèjì, ilé ìlera tó ń lọ, ọjọ́ tó ń lọ, kí ẹ fi sínú ọ̀rá. Ẹ̀dà kan á wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ìjọ nìkan.

Ẹ má pín oògùn ọ̀sẹ̀ kan. Oògùn ìfúnpá, ojoojúmọ́ ni. Ẹni tó bá lo méje tó rí i pé nọ́ḿbà wálẹ̀ á rò pé òun ti sàn, á sì dáwọ́ dúró. Bí ìjọ bá lówó lọ́wọ́, ẹ fi ran àwọn tí kò lágbára lọ́wọ́ láti wọ ètò ìṣedúró ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ó wá kan ìtẹ̀lé. Ìjẹ̀ṣà ló ni Òṣómàáló: oníṣòwò tó ta aṣọ láwìn, tó lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè pé òun ò ní dìde títí òun á fi gba owó òun. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lẹ nílò, kí oníkálukú ní orúkọ méjìlá lọ́wọ́. Ìpè kan lọ́jọ́ kejì, ìpè kan ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó yẹ kí ẹni náà lọ. Bí kò bá lọ, ẹ béèrè ìdí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, owó ọkọ̀ ni, tàbí kò sẹ́ni tó máa dúró ti ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Atákúnmọ́sà. Ẹ bá a wá ẹni tó máa dúró.

Àpótí abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó kún ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ẹ dé e pa, kí nọ́ọ̀sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ibi tí wọ́n ti ń jó o. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kọ́, àwọn ọmọ Sunday School ń ṣeré níbẹ̀.